Koríko Tí Oòrùn Kò Pa

Ní Sátidé kẹta nínú oṣù karùn-ún, Hàbíbátù dúró létí oko rẹ̀ lẹ́yìn Finglas ní Dublin, ó ń wo ilẹ̀. Koríko tó ro dànù ní Sátidé tó kọjá ti hù padà. Ẹ má rò pé ó hù díẹ̀ o. Ó hù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ń dán, ó ń mì lẹ́lẹ́, bí ẹni pé ọkọ́ kò kàn án rí láyé. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà ti fi ọjọ́ márùn-ún gbé àwọn arúgbó dìde lórí ibùsùn nílé ìtọ́jú tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti fi ọjọ́ márùn-ún náà gbé wọn jókòó. Ẹ̀yìn ń dùn ún láti ọrùn dé ìdí. Ọjọ́ tó yẹ kó fi na ara rẹ̀ sórí àga gbọọrọ ló fi wá síbí. Ó mí kanlẹ̀, ó bọ́ kóòtù, ó gbé ọkọ́.

Àwọn àgbà ní iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ní í pa ni. Àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ro irú koríko yìí rí.

Lẹ́yìn rẹ̀, Mọ́rúfù onítakisí ń ran ọkọ Hàbíbátù lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Abọ́dúnrìn lorúkọ ọkọ náà, ṣùgbọ́n Baba Tẹniọlá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó sì sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún di ohun tó ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ó fi ọ̀pá rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sórí korobá tí ìyàwó rẹ̀ dojú rẹ̀ dé fún un, ó wo oko yíká.

"Ó tún ti hù," ó ní.

"Ó ti hù."

"Ro ó. Da gbòǹgbò rẹ̀ sókè, kí o fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Oòrùn á pa á. Tó bá kú tán, ajílẹ̀ ló dà yẹn."

"Mo ti gbọ́, Baba Tẹniọlá."

Ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà máa bú ọkùnrin yìí láìmọ ìdí. Òkèhò ni wọ́n bí i sí, ọmọ àgbẹ̀ ni, inú ebè ló dàgbà sí. Hàbíbátù ní tirẹ̀, àárín ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí títí tó fi di ìyá àgbà. Nígbà tí wọ́n dé Dublin ní ọdún 2001, tí wọ́n ń dúró de ìwé, ọkùnrin náà máa ń wo gbogbo pápá tó bá rí láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, á ní, "Wo ilẹ̀ tó kàn sùn sílẹ̀." Ìwé dé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ó sì gbé páálí níbẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún. Ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kánsù pé kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ kékeré kan tí òun á máa dáko. Orúkọ pọ̀ níwájú tirẹ̀. Kí ó tó kàn án, àrùn ti dé.

Ilé wọn ní Corduff wá dákẹ́. Ọkùnrin tó máa ń pariwo mọ́ bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n wá di ẹni tó ń wo ògiri. Tẹniọlá, ọmọbìnrin wọn tó ń gbé ní Lucan, á pè lórí fóònù, á bi í ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí pé ṣé ara le. Baba á ní, "Grand," bí àwọn ará ibí ṣe ń sọ pé kò sí wàhálà. Á dá fóònù padà fún ìyá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló kù tí baba náà ń sọ lójúmọ́, grand, grand, títí ilẹ̀ fi ṣú. Hàbíbátù máa ń lọ sunkún nílé ìwẹ̀, á fọmi bọ́jú, á jáde wá dáná.

Lẹ́tà kánsù wá dé ní oṣù kẹta ọdún yìí. Ilẹ̀ ti kàn wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀, igbó ni, ẹ̀gún ni, òkúta ni, afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti orí pápá sì ń gé ni létí. Baba Tẹniọlá tẹ̀ ba pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì bu erùpẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Tẹniọlá, ilẹ̀ yìí dára. Apá ibi tó dagun yẹn la máa gbin pòtétò sí, ẹ̀wà á wà níhìn-ín, a ó fi ibi tó tẹ́jú sílẹ̀ fún tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀fọ́ àwọn ará ibí." Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Hàbíbátù kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ, torí ó ti ju ọdún méjì lọ tó ti gbọ́ ohùn náà gbẹ̀yìn. Ó pinnu níbẹ̀ pé ohun tó bá gbà lòun máa fún un, òun á ro ilẹ̀ yìí.

Òfin sì wà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta (ìparí oṣù kẹfà ni tiwọn), ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ́, kí ohun ọ̀gbìn sì wà lórí rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbà á padà, wọ́n á gbé e fún orúkọ tó kàn. Àwọn ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ilẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n lè bi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, lẹ́tà ìkìlọ̀ ti wà lára géètì wọn nínú ọ̀rá.

Ohun tí Baba Tẹniọlá sọ nípa oòrùn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, bó bá jẹ́ Òkèhò. Ní Òkèhò, koríko tí o ro láàárọ̀, ọ̀sán gan-an ni o lè ṣáná sí i. Oòrùn ni lébìrà kejì, kò sì gba owó. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ibí, ẹ gbà mí, àlejò tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà ni. Á kí ọ, á ní òun ń bọ̀, ó ti lọ nìyẹn. Òjò wìnnìwìnnì ló ń rọ̀ dípò rẹ̀. Koríko tí Hàbíbátù ro ní Sátidé á sùn sórí ilẹ̀ tútù títí di Ọjọ́rú, á mumi yó, á ti gbòǹgbò rẹ̀ bọlẹ̀ padà. Gbogbo ibi tí ọkọ́ bá sì ti gé e sí méjì, méjì ló máa hù. Kò mọ̀ pé kì í ṣe pé òun ń ro koríko yẹn, ṣe ni òun ń gbìn ín.

Ẹni tó là á lójú ni Dinny, baba arúgbó ará Finglas tó ní ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Ọjọ́ Sátidé yẹn, nígbà tí Mọ́rúfù ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ sílé, tí Hàbíbátù dúró láti kó irinṣẹ́ pa mọ́, Dinny gba orí fẹ́ńsì bá a sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sí ọkọ́, ó ní, "Missus, yoke yẹn, nǹkan yẹn, á pa yín." Ó fi fọ́ọ̀kì oníka mẹ́rin wú ilẹ̀ díẹ̀, ó sì fa gbòǹgbò kan jáde. Gbòǹgbò náà funfun, ó gùn, ó sì ní oríkèé bí okùn tí wọ́n ta kókó sí. Scutch ni wọ́n ń pè é, ó ní. Èèyàn kì í gé e. Èèyàn máa ń fi fọ́ọ̀kì wú u ni, á ṣa gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, á kó o kúrò nínú oko pátápátá. Bí èyí tó tó ìka ọwọ́ bá ṣẹ́ kù sílẹ̀, ó ń padà bọ̀.

Hàbíbátù wo gbòǹgbò yẹn títí. Ó rántí iye Sátidé tó ti lò.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ọkọ rẹ̀ ní ọgbọ́n. Ó ní, "Baba Tẹniọlá, ṣé koríko yìí kì í ṣe irú ẹ̀kan báyìí? Irú èyí tí wọ́n máa ń hú gbòǹgbò rẹ̀?"

Baba rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, láti inú ikùn. "Ìwọ ọmọ ìgboro Ìbàdàn, níbo lo ti mọ ẹ̀kan? Ẹ̀kan ń gún ni lẹ́sẹ̀. Èyí rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Fi iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àgbẹ̀, jàre. Oòrùn á pa á."

Kí ni kí ó sọ? Ọkùnrin tí kò lè dé bọ́tìnì ara rẹ̀ mọ́, tí ìyàwó ń gé ẹran fún lórí àwo, ibi kan ṣoṣo ló kù láyé tó ti jẹ́ ọ̀gá. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ náà, á padà sídìí ògiri. Bí òun bá sì sọ fún un pé ọgbọ́n rẹ̀ kò wúlò níbí, ìdí ògiri náà ló ń lọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Hàbíbátù gbé àwo lọ sínú ṣíǹkì, ó fọ̀ ọ́.

Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ ófátáìmù. Bó ṣe pè é fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tó bá ti parí iṣẹ́ ní aago mẹ́ta, á wọ bàtà òjò, á rìn lọ sí oko, á yá fọ́ọ̀kì Dinny, á máa wú ilẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ amọ̀ ni, bí òjò bá rọ̀ ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà títí ẹsẹ̀ á fi wúwo bí ti erin. Á kúnlẹ̀, á máa ṣa gbòǹgbò funfun, á máa kó o sínú ọ̀rá dúdú. Ọ̀rá mẹ́rin, ọ̀rá márùn-ún, á wọ́ wọn lọ sẹ́nu géètì. Oòrùn kì í tètè wọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn níhìn-ín, ìyẹn gan-an ló sì ń pa á lára, torí kò sí òkùnkùn tó máa sọ fún un pé ó tó. Á délé ní aago mẹ́jọ, á ní àwọn aláìsàn pọ̀ lónìí. Baba á ní, "O kú iṣẹ́." Á dáná, á sùn sórí tábìlì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

Ní Sátidé, á tún gbé ọkọ́ níwájú ọkọ rẹ̀, á máa ha ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. Baba máa ń fẹ́ rí òkú koríko. Àgbẹ̀ ni, ó mọ̀ pé koríko kì í kú kó má ní òkú. Ní Sátidé àkọ́kọ́ ó ti béèrè pé, "Èyí tí o ro lọ́sẹ̀ tó kọjá dà?" Ló bá di pé Hàbíbátù ń di koríko díẹ̀ sínú ọ̀rá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó ń sá a sínú yàrá bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó aṣọ ìfọ̀ sí. Ilé àwọn arúgbó, ooru kì í kúrò níbẹ̀. Títí Ọjọ́ Ẹtì, ó ti gbẹ gbáú. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí Mọ́rúfù tó gbé baba dé, Hàbíbátù ti wà lóko, ó ń wọ́n koríko gbígbẹ sórí ilẹ̀ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún. Ẹ wo ohun tí ìfẹ́ ń sọ èèyàn dà.

Baba á débẹ̀, á fi ọ̀pá yẹ koríko náà wò, á rún un lọ́wọ́, á fọ́ wẹ́wẹ́. "Ṣé o rí i?" á ní. "Mo sọ fún ọ. Oòrùn ni."

"Mo rí i."

"Ẹni tó bá fẹ́ kánjú ni iṣẹ́ àgbẹ̀ kò yẹ."

"Òótọ́ ni."

Ìparí oṣù kẹfà pé. Obìnrin kan láti kánsù wá, ó gbé fóònù ńlá kan lọ́wọ́, ó ya fọ́tò pòtétò, ó ya ẹ̀wà, ó ya àlùbọ́sà, ó dúró pẹ́ nídìí tẹ̀tẹ̀, ó béèrè ohun tó ń jẹ́. Ó ní ilẹ̀ yìí ló mọ́ jù nínú gbogbo ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ta ló kọ́ wọn? Hàbíbátù fi ọwọ́ tọ́ka sí ọkọ rẹ̀. Baba Tẹniọlá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde lórí korobá, ó nà ró, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ó pe àbúrò rẹ̀ ní Òkèhò, wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tí Tẹniọlá pè, kò sọ grand. Ó ròyìn ẹ̀wà fún un títí ọmọ náà fi ní, "Dad, I have to go."

Inú Hàbíbátù dùn. Ó rẹ̀ ẹ́, ó ti rù, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé ó ti tán.

Irọ́ kì í tán bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà yẹn ni wọ́n ti fún ọmọbìnrin Yorùbá kan ní ilẹ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà. Olúwabùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó dé sí ìlú yìí, òun náà ń tọ́jú arúgbó nílé ìtọ́jú mìíràn, ó tún ń fọ ọ́fíìsì lálẹ́. Ìparí oṣù kẹjọ ni àkókò tirẹ̀. Ó rí oko Baba Tẹniọlá, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi." Ṣé ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ létí ọkùnrin tó ti jókòó sídìí ògiri fún ọdún mẹ́ta? Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gbé korobá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bùkọ́lá. Ọmọ náà á máa ro ó, baba á máa sọ pé kó da gbòǹgbò sókè, kó fi í sílẹ̀, oòrùn á pa á. Ọmọ náà á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Hàbíbátù ń gbọ́ wọn láti òdìkejì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó mọ̀. Ó ní òun á pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí Bùkọ́lá bá yí ọwọ́ padà, baba á bi í léèrè, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò sì ní lè purọ́ fún àgbà. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó rẹ̀ ẹ́. Bó ṣe di oṣù kẹjọ nìyẹn, tí oko Bùkọ́lá sì dà bíi pápá tí wọ́n ń da ẹran sí.

Sátidé kẹta nínú oṣù kẹjọ, lẹ́tà inú ọ̀rá wà lára géètì ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù. Bùkọ́lá dúró níwájú Baba Tẹniọlá pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó ní, "Daddy, mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe."

Baba wo koríko, ojú rẹ̀ korò. "O ò ṣe é. Bó o bá ṣe é, kò ní rí báyìí. Wo oko Ìyá Tẹniọlá lọ́hùn-ún. Ọkọ́ kan náà, oòrùn kan náà. Ẹni ọgọ́ta ọdún ló ro ìyẹn. Ọ̀lẹ ni ẹ́, ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ lásán lo ní."

Bùkọ́lá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bóyá ọwọ́ mi ni kò dára. Bóyá ilẹ̀ ibí kàn kọ̀ mí ni."

Hàbíbátù dúró níbi tó wà, ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé orí sókè. Ọmọ ọlọ́mọ ń ṣiṣẹ́ méjì, ó ń fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ gbin koríko, wọ́n sì ń pè é ní ọ̀lẹ nítorí koríko tí òun sá sínú yàrá bọ́ílà.

Bí wọ́n ṣe délé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kò bọ́ bàtà. Ó jókòó síwájú ọkọ rẹ̀ nínú kíṣìnì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti Dinny, ó sọ ti gbòǹgbò, ó sọ ti ófátáìmù tí kì í ṣe ófátáìmù. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Kò tilẹ̀ ní agbára láti sunkún.

Baba Tẹniọlá béèrè pé, "Èyí tó gbẹ yẹn ńkọ́? Èyí tí mo máa ń rún lọ́wọ́?"

"Yàrá bọ́ílà níbi iṣẹ́ wa ni mo ti ń sá a."

"Gbogbo Sátidé?"

"Gbogbo Sátidé."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó sùn sórí itan bí ohun ẹlòmíì. "Ìyá Tẹniọlá," ó ní, "ọwọ́ mi ló kú. Etí mi ò kú. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Baba yí àga rẹ̀ sí ògiri.

Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ keje. Tẹniọlá pè, baba ní grand. Hàbíbátù ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó ń gbé e kúrò. Ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun ti pa á. Gbogbo gbòǹgbò yẹn, gbogbo ẹ̀yìn tó dun òun yẹn, òfo ni.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tó jáde láti yàrá, ọkọ rẹ̀ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ kóòtù, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló dé, ìyẹn náà sì ṣì ihò. "Pe Mọ́rúfù," ó ní.

Nígbà tí wọ́n dé oko, kò ya sí tiwọn. Ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ Bùkọ́lá, ẹni tó ń fi ọkọ́ gé koríko kan náà láìní ìrètí. Ọmọ náà fẹ́ kúnlẹ̀, ó fi ọ̀pá dá a dúró.

"Má kúnlẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ẹ, kì í ṣe òótọ́ níbí. N ò mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ẹ. O kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹnu mi ló ṣẹ̀ ẹ́. Má bínú."

Àgbà kì í sábà bẹ ọmọdé bẹ́ẹ̀. Baba ti yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Fi hàn wá."

Hàbíbátù yá fọ́ọ̀kì Dinny. Ó wú ilẹ̀, ó fa gbòǹgbò funfun náà jáde, ó fi hàn wọ́n bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ lé e dé òpin kó má baà ṣẹ́. Baba wò ó dáadáa, bí ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó di èjìká ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Hàbíbátù ní kó má ṣe é, amọ̀ tutù. Baba kúnlẹ̀ sórí eékún tó dára, ó jókòó ti ẹ̀gbẹ́ kan, ó ki ọwọ́ òsì bọ ilẹ̀.

Bùkọ́lá ń wú u, baba ń ṣà á. Ó lọ́ra. Ó ń fi ìka wá gbòǹgbò nínú amọ̀, á fà á, á fi í sínú ọ̀rá, á tún wá òmíràn. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ọ̀rá kan ṣoṣo ló kún. Hàbíbátù nìkan lè kún irú rẹ̀ mẹ́ta ní wákàtí kan, ó mọ̀, ọkọ rẹ̀ náà mọ̀. Apá kan ilẹ̀ ọmọ náà, tó gbòòrò tó ibùsùn méjì, ti mọ́.

"Di ẹnu ọ̀rá yìí fún mi," baba ní. Hàbíbátù di í. Ẹrẹ̀ ti kún irùngbọ̀n ọkùnrin náà, ó ń mí hẹlẹ, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Ó kù ọ̀sẹ̀ kan," ó sọ fún Bùkọ́lá. "O máa wá gbé mi lọ́la?"

"Aago mẹ́jọ, sà."

"Èmi náà á wá," Hàbíbátù ní.

"Ìwọ ò wá síbì kankan. O ti ṣe tìrẹ. Ìwọ sùn."

Hàbíbátù sì sùn. Aago mẹ́wàá kọjá lọ́jọ́ Àìkú kí ó tó la ojú, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tó ti mọ orílẹ̀-èdè yìí. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ó sáré dìde, ó ń pe ọkọ rẹ̀ láti yàrá dé kíṣìnì. Nígbà tó rí ife tíì tó mu kù lórí tábìlì ló tó rántí. Baálé rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́.